Ohùn Ọ̀gá Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ìjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn ò rọ́ ọ fún mi. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ojúmọ́ ti mọ́, oorun ò sì sí lójú mi.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú géètì èbúté, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò sí. Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń rán, àti àwọn ẹ̀wù péńpé tó máa ń tàn yanran tí iná mọ́tò bá kàn wọ́n. Ọkọ mi ń wa kírénì nínú èbúté náà. Òun ló ń gbé kọ̀nténà láti inú ọkọ̀ ojú omi sórí ilẹ̀. Ọ̀gá Òkè ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé àárọ̀ dalẹ́, òkè ló wà.

Ohùn ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohùn náà jinlẹ̀, ó tutù, bí ẹni ń da omi sínú àmù. Rédíò ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí òun bá sì ti gba ọ̀rọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ kúrò lábẹ́ ẹrù mi o. Mi ò ní owó ìsìnkú."

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá ẹ̀. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ọmọ kékeré ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ kan tí wọ́n fà yọ lára ọwọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí tó fi dàgbà. Ọ̀dọ̀ wa ló gbé kó tó gba ilé tiẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ kírénì, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn.

Nígbà tó yá, èbúté kéré. Ọjà tó ń wọlé ti pọ̀ ju ibi tí wọ́n ń kó o sí. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń dúró lójú agbami, wọn ò lè wọlé, torí pé omi ò jìn tó, kírénì ò sì ga tó. Àwọn aláṣẹ ní àwọn máa mú èbúté fẹ̀ sí i. Ọkọ̀ kan dé tó ń fa iyanrìn ìsàlẹ̀ omi. Tọ̀sán tòru ló ń fà á. Wọ́n ń tú iyanrìn náà sápá kejì, ibi tó jẹ́ òkun lánàá sì di ilẹ̀ lónìí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí gbá irin wọlẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ń dáhùn.

Ọkọ mi fẹ́ràn ariwo náà. Á dúró lójú fèrèsé, á káwọ́ sẹ́yìn.

"Aránṣọ," á ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "gbọ́. Àga mi ni wọ́n ń kàn yẹn."

Àwọn kírénì tuntun dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ló gbé wọn wá, ní ìnàró. Láti ṣọ́ọ̀bù mi, èèyàn ò rí ọkọ̀ náà. Irin gíga gíga nìkan lèèyàn ń rí, tó ń rìn bọ̀ lórí omi, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìdún.

Wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn tó máa wà wọ́n. Wọ́n yẹ ojú wọn wò. Wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó yege, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọn ò pe ọkọ mi rárá.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́. Ó fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀.

"Wọ́n mú àbúrò mi," ó ní.

"A kú oríire o."

"Ta lò ń kí?"

Wọ́n máa ń sọ pé obìnrin ló ń jowú, pé ọ̀rọ̀ orogún àti orogún ni. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ọkùnrin tí àbúrò ẹ̀ gun òkè ju tiẹ̀ lọ.

Wọn ò wó kírénì àtijọ́. Wọ́n fi ọkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀, kó máa bá àwọn ọkọ̀ kéékèèké ṣe é. Tó bá ti di ọ̀sán, òjìji kírénì tuntun á rọra rìn wá, á bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ mi á sì tan iná níbi tó jókòó sí, lójú ọ̀sán. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n tutọ́ sí lójú.

"Ọmọ tí mo gbé sí èjìká," ó ní. "Òun ló wá dí mi lójú oòrùn."

Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan ò rọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́rùn. Òkè yẹn ti ga jù. Atẹ́gùn ń mi yàrá onígíláàsì tó jókòó sí. Ó fi kọ̀nténà kan gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó gbé òmíràn kalẹ̀ lódìlódì. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó jọ pé àwọn ò mú ẹni tó yẹ. Inú ọkọ mi dùn. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, inú ẹ̀ dùn. Oúnjẹ tí kì í jẹ tán, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ń súfèé nínú ilé ìwẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ kan tí gbogbo ẹ̀ yí padà. Kọ̀nténà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá gbé, kò ní dún tó bá balẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ò mì. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu. Wọ́n ní àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ń wà á.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wá kí wa. Ó gbé àpò ọsàn dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọkọ mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣé."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, bọ̀dá. Ká ní kì í ṣe yín ni, wọn ì bá ti lé mi. Ẹ ní kí n sún un sọ́tùn-ún, mo sún un. Ẹ ní kí n dúró kí atẹ́gùn kọjá, mo dúró. Ohùn yín ni mò ń tẹ̀ lé."

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wò ó.

"Ohùn ta?"

"Ohùn yín. Nínú rédíò."

"Nígbà wo?"

"Ojoojúmọ́. Lánàá náà, títí a fi ṣíwọ́."

Ọkọ mi ò lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Orí ibùsùn ló wà látàárọ̀, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Rédíò ẹ̀ wà lórí tábìlì, kò sí bátìrì nínú ẹ̀.

Ọsàn kan já bọ́ nínú àpò náà. Ó yí lọ sábẹ́ àga. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ tán, ọkọ mi jókòó, ó ń fi ìka gbá orúnkún.

"Ẹnì kan ń sín mi jẹ," ó ní. "Wọ́n jí ohùn mi."

"Ó kúkú ń ṣe é lóore."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá tiẹ̀ máa jí i, ṣé òun ló yẹ kí wọ́n gbé e fún?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní èbúté. Ọkùnrin náà ní kò ṣeé ṣe, pé rédíò èbúté àtijọ́ ò lè wọ ti tuntun. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àtàwọn tó wà nísàlẹ̀ kírénì ẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ní kó bá òun fetí sí i, kó wò ó bóyá àlejò kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà wo ojú ẹ̀ títí.

"Ọ̀gá Òkè, mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin mà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré."

Àárín ìgbà yẹn ni ohùn ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí há. A fi omi oníyọ̀ fọ ọ̀fun. A lá oyin. Kò gbọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ kíyè sí i, tí mi ò kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti gun òkè láàárọ̀, ohùn ọkọ mi á há. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, á là díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi á sọ̀rọ̀ geere. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń fi geere yẹn sọ. Ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ̀.

"Lọ bá mi sọ fún un," ó ní lọ́jọ́ kan. "Kó pa rédíò yẹn."

Mo lọ. Ìdí ọgbà èbúté la ti pàdé, nígbà tí wọ́n jáde oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ mi tán. Ó gbé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, mi ò lè pa á."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo gbọ́. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á, màá pa èèyàn. Èmi nìkan ò lè wa ẹ̀rọ yẹn." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ó máa ń yìn mí. Tí mo bá gbé ẹrù kan sílẹ̀ dáadáa, á ní, 'O ṣeun, àbúrò mi.' Bọ̀dá ò yìn mí mọ́ látìgbà tí wọ́n ti mú mi. Wọn kì í tiẹ̀ wo ojú mi mọ́. Ẹni tó wà nínú rédíò yẹn, Àǹtí, òun ni bọ̀dá mi."

Mi ò sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nílé. Ọkọ mi wò mí lójú, ó rí i níbẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ wa omi jìn wọlé lálẹ́, ilẹ̀ sì mọ́ bá kùrukùru. Èèyàn ò rí orí ọkọ̀ náà, kò rí ìdí ẹ̀. Ògiri irin kan ṣáá ni, dúdú, tó ń kán omi. Ọkọ mi dé ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yẹn. Ó na ọwọ́ sí aṣọ iṣẹ́ kan tó gbé kọ́, irú èyí tí mo ń rán fún àwọn tó ń wa kírénì tuntun. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ìgbà tó jáde tán ni àyà mi já. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì mọ̀ mí, wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Kí n tó dé ìdí kírénì náà, ó ti wọnú àpótí tó ń gbé wọn ròkè. Kùrukùru gbé e mì.

Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fọwọ́ júwe fún ẹni tó wà lókè. Afọwọ́júwe là ń pè é. Lọ́jọ́ kùrukùru, ọwọ́ ò wúlò, rédíò tó so mọ́ àyà ni wọ́n ń lò. Mo lọ dúró tì í. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

"Rọra. Òsì díẹ̀. Díẹ̀ sí i. O ṣeun, àbúrò mi."

Ohùn ọkọ mi ni. Kò há. Inú ẹ̀ ń dùn.

Kọ̀nténà kan so rọ̀ lókè orí wa. Ìdí ẹ̀ nìkan là ń rí nínú kùrukùru.

"Àlejò wa ti dé," ohùn náà ní. "Sún. Fún un láyè."

Rédíò dákẹ́.

Kì í ṣe rédíò nìkan. Mò ń rí èéfín tó ń jáde lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn. Mò ń rí omi tó ń gbá ògiri èbúté, mi ò gbọ́ omi. Afọwọ́júwe ń la ẹnu sí mi, kò dún.

Kọ̀nténà náà bẹ̀rẹ̀ sí fì. Ó fì lọ sápá òkun, ó fì padà. Ó tún fì, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an tí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Mo ké sí wọn. Èmi fúnra mi ò gbọ́ igbe mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ohùn náà ní, jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Kọ̀nténà náà dúró. Kì í ṣe pé ó ń dín fífì kù díẹ̀díẹ̀ o. Ó dúró ni, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ìgbà tí ìyá bá tẹ́ ọmọ tó sùn. Ariwo ayé padà dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè. Ó ní ọkọ mi fún òun lọ́rùn, òun sì di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní kò sí ọwọ́ ẹnì kankan lórí ẹ̀rọ.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó la ẹnu sí mi. Ó pa á dé. Ó tún un là.

Láti ọjọ́ náà, ohùn ò jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ikọ́ pàápàá ò jáde. Tó bá ń húkọ́, màá rí èjìká ẹ̀ tó ń mì, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Dókítà tan iná sí ọ̀fun ẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní ọ̀fun náà mọ́ bíi ti ọmọ tuntun. Ibi iṣẹ́ ní kó lọ sinmi nílé ná. Wọn ò fọwọ́ kan Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí pé àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé léra léra, kò sì sẹ́ni tó ń yára tú wọn bíi tiẹ̀.

Ilé wa wá dákẹ́. Àwọn ọmọbìnrin wa ti wà nílé ọkọ wọn, àwa méjì ló kù. Mò ń sọ̀rọ̀, ògiri ń dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan mo kó ẹ̀wù lọ fún Afọwọ́júwe àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Rédíò wà láyà ẹ̀. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.

Mo dúró. Ẹ̀rín yẹn, mi ò gbọ́ ọ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fa iyanrìn. Ó ń sọ ìtàn fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bí ìyá wọn ṣe lé wọn sínú òjò nítorí ẹyin tí wọ́n jí jẹ. Ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ ò kéré, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ọkọ mi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń gbọ́ ọ látàárọ̀ dalẹ́, tí èmi ń jókòó ti ẹni tó ń jẹun láìdún?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí tí màá fi lọ. Bọ́tìnì já lára aṣọ wọn, mo lọ. Kò já, mo já a fúnra mi, mo lọ.

Ọkọ mi fura. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n kọjá. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó wo ìka náà. Àtíkè wà níbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Ojú tó fi wò mí, ojú tó fi ń wo àbúrò ẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin náà ni mò ń lọ gbọ́," mo ní. "Ẹ̀yin náà ni! Kí lẹ wá ń jowú sí?"

Ó mi orí. Ó gbá àyà ara ẹ̀. Ó tọ́ka sí èbúté, ó mi orí, ó tún un mì, omi sì lé róró sójú ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Mo já ara mi gbà, mo lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bẹ Afọwọ́júwe pé kó yá mi ní rédíò ẹ̀.

"Màámi, a kì í bá a sọ̀rọ̀ o. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni."

"Ọkọ mi ni."

Ó tú u láyà ẹ̀, ó gbé e fún mi, ó sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnì.

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

Kírénì dúró. Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè.

"Aránṣọ," ó ní.

Mo di irin kan mú. "Ẹ máa bọ̀ nílé," mo ní. "Ilé ti dákẹ́ jù."

Mò ń gbọ́ èémí ẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti tán níbẹ̀.

"Ta lo fi sílé?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Aránṣọ, èmi rèé. Ta lò ń se oúnjẹ fún?"

Mo yíjú sápá ilé wa.

"Ta ló ń sùn níbi tí mo máa ń sùn?"

Rédíò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Ọkọ mi jókòó létí ibùsùn. Mo pè é, ó yíjú sí mi. Ojú ẹ̀ ni. Imú ẹ̀ ni. Mo wo ọwọ́ ẹ̀, mo wo ọrùn ẹ̀, mo ń wá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò rí i. Ó na ọwọ́ sí mi. Mi ò sún mọ́ ọn.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi kírénì náà sílẹ̀ báyìí. Ó ní ohùn náà ò bá òun sọ ọ̀rọ̀ ẹrù mọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń bi òun: ta ló wà nílé pẹ̀lú Aránṣọ. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Aránṣọ?" Mo ní rárá.

Mò ń se oúnjẹ. Mò ń gbé e fún ọkọ mi, ó ń jẹ ẹ́. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ò dún nílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí ò dún. Mo lè gbójú sókè kí n rí i pé ó ti dúró tì mí, mi ò sì mọ ìgbà tó dé.

Tí mo bá ń ránṣọ nílé báyìí, ògiri ni mo máa ń fẹ̀yìn tì.